Ilé-Èrò fún Ẹni tí Ó Gbọgbẹ́ Lórí

Bíbélì kíkà: Lúùkù 10:30-35, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 20:7-12, Máàkù 8:22-26

 

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí ó ń wọ ilé púpọ̀ nínú àwọn ìjọ wa, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, láti Pobè títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀ràn àwọn tí ó ṣubú lórí zẹ́mì ni, tàbí tí mọ́tò gbá, tàbí tí igbà já mọ́ lórí ọ̀pẹ, tàbí tí ó já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́, tí orí wọn sì gbá ilẹ̀. Ẹ̀mí kò bọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ènìyàn náà padà sílé, àwọn ará ilé kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tí í máa rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ di oníbìínú. Ẹni tí ó mọ owó kà di ẹni tí ń gbàgbé ohun tí ó jẹ lówùúrọ̀. Níbẹ̀ ni ìjà ilé ti ń bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni ìgbéyàwó ti ń tú ká, níbẹ̀ náà ni àwọn kan ti ń so ènìyàn Ọlọ́run mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Nítorí náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ìtàn tí kò sọ ìparí

Ẹ jẹ́ kí a wo Lúùkù orí kẹwàá. Ọkùnrin kan ń sọ̀kalẹ̀ láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Jẹ́ríkò, àwọn ọlọ́ṣà dá a lọ́nà, wọ́n lù ú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní àpa-ì-kú-tán. Gbogbo wa ni a mọ ti àlùfáà tí ó kọjá lọ, a mọ ti ọmọ Léfì, a sì mọ ti ará Samáríà tí ó ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í wàásù lé lórí. Ẹni náà ni olórí ilé-èrò.

Ará Samáríà di ọgbẹ́, ó gbé ọkùnrin náà sórí ẹran tirẹ̀, ó gbé e dé ilé-èrò, ó sì ṣọ́ ọ ní òru ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì ó san owó, ó sì ṣèlérí pé bí owó náà kò bá tó, òun yóò san ìyókù nígbà tí òun bá padà. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé ó mọ̀ pé ìtọ́jú náà kì yóò parí ní ọjọ́ méjì. Olúwa kò sọ fún wa pé ọkùnrin náà dìde. Ìtàn náà parí, ọkùnrin náà ṣì wà lórí ibùsùn.

Ẹ̀yin ará, ìjọ Ọlọ́run yára lọ́jọ́ tí ènìyàn bá ṣubú. A ń sáré, a ń tan àbẹ́là, a ń ké pe Ọlọ́run. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ilé-èrò ni ó ń le fún wa. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tí orí rẹ̀ bá gbọgbẹ́, sùúrù ilé-èrò ni yóò gbé e dìde, kì í ṣe ariwo ọjọ́ kan.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí

Ọpọlọ inú orí wa rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ọlọ́run fi omi yí i ká, ó sì fi egungun líle bò ó. Bí ẹ bá fi ẹyin sínú kèrègbè tí omi wà nínú rẹ̀, tí ẹ wá fi kèrègbè náà gbá ògiri, kèrègbè lè má fọ́, kí ẹyin inú rẹ̀ ti fọ́. Báyìí ni orí rí. Pé ẹ̀jẹ̀ kò jáde kò fi hàn pé kò sí ọgbẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀ràn yìí fi ń tan ènìyàn jẹ. Ẹlòmíràn a ṣubú, a dìde, a gbọn eruku aṣọ rẹ̀, a ní kò sí nǹkan kan. A jẹun alẹ́, a kí àwọn ọmọ pé ó dàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ṣeé jí mọ́. Àwọn ènìyàn á ní wọ́n ta á ní ọfà lóru ni. Rárá o! Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ni ó já nínú orí nígbà tí ó ṣubú, tí ẹ̀jẹ̀ ń ro díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Lára àwọn arúgbó, ó tilẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó hàn. Bàbá fi orí gbá ilẹ̀kùn ní oṣù tó kọjá, gbogbo ilé ti gbàgbé, wàyí ó ń tàsé ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn! Ewu náà pọ̀ sí i fún arúgbó, fún ẹni tí ń mu ọtí, fún ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti fún ẹni tí orí rẹ̀ ti gbọgbẹ́ rí.

Ẹ kọ àwọn àmì wọ̀nyí sí ara ògiri ilé yín. Bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo lára ẹni tí ó fi orí gbá nǹkan, ẹ má dúró:

1. Orí fífọ́ tí ń le sí i dípò kí ó rọlẹ̀.
2. Èébì tí ó ń bì léraléra.
3. Oorun tí a kò lè jí i nínú rẹ̀, tàbí kí ó dákú, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀.
4. Gìrì, tàbí kí ara máa gbọ̀n láìdáwọ́ dúró.
5. Kí ẹyinjú dúdú ojú kan tóbi ju ti èkejì lọ.
6. Kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kú tìpìrì, tàbí kí ahọ́n wúwo.
7. Omi mímọ́ gaara tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde láti etí tàbí imú.
8. Kí ó máa ṣe ránun-rànun, kí ó má mọ ibi tí ó wà.

Ní ọjọ́ ìṣubú

Ẹ má fà á dìde ní ọwọ́. Ọrùn lè ti ṣẹ́ pẹ̀lú orí. Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kí wọ́n má yí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé egungun wọlé, ẹ má tẹ ibẹ̀. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi àdúrà, nítorí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé e mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà yóò lọ. Ẹ má fi ṣe àárín ènìyàn méjì lórí zẹ́mì, kí orí rẹ̀ máa mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ títí dé ilé ìwòsàn. Ẹ wá mọ́tò tí yóò lè nà gbalaja nínú rẹ̀. Àdúrà mọ mọ́tò gùn, ẹ máa gbà á lọ lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ óò rí i pé nọ́ọ̀sì yóò máa pe orúkọ rẹ̀ sókè, yóò ní kí ó la ojú, yóò fún un ní èékánná tàbí kí ó tẹ ìka rẹ̀. Ẹ má bínú, kò fi í ṣẹ̀sín. Ní ọdún 1974, dókítà méjì ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, gbé ìwọ̀n kan jáde tí a ń lò káàkiri ayé títí di òní. Wọ́n ń wo bí ojú ṣe là, bí ẹnu ṣe fèsì, àti bí ara ṣe mira. Máàkì tí ó kéré jù ni 3, èyí tí ó pọ̀ jù ni 15. Bí ó bá jẹ́ 13 sí 15, ọgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 9 sí 12, ó wà ní àárín. Bí ó bá jẹ́ 8 sí ìsàlẹ̀, ó le gidi. Ẹ béèrè máàkì náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń gbàdúrà lé lórí.

Bí dókítà bá sì ní kí ẹ máa lọ sílé, òru ọjọ́ náà kì í ṣe òru oorun fún gbogbo ilé. Ẹ rántí Eútíkù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sùn lójú fèrèsé tí ó sì ṣubú láti àjà kẹta nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù ní Tróá. Pọ́ọ̀lù sọ̀kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ní kí wọ́n má ṣe dààmú ara wọn. Kò sì lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bá wọn dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí ẹnì kan wà pẹ̀lú ẹni tí ó ṣubú fún wákàtí 24 ó kéré tán, kí ó máa ṣọ́ àwọn àmì tí a kà sókè wọ̀nnì.

Ìfọwọ́kàn ẹ̀ẹ̀kejì

Wàyí o, a dé inú ilé-èrò. Ẹ wo Máàkù orí kẹjọ. Wọ́n mú afọ́jú kan wá sọ́dọ̀ Jésù ní Bẹtisáídà. Olúwa fi ọwọ́ kàn án, ó bi í ní ohun tí ó rí. Ọkùnrin náà rí ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n dà bí igi tí ń rìn. Olúwa tún fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ǹjẹ́ agbára Olúwa kò ha tó láti ṣe é lẹ́ẹ̀kan? Ó tó. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ìwòsàn tí ó wá ní ìpele, ìwòsàn Ọlọ́run náà ni. Ẹ tún kíyèsí i pé ó kọ́kọ́ fà á lọ́wọ́ jáde kúrò ní ìletò, kúrò nínú èrò àti ariwo.

Ẹni tí ó la ojú lẹ́yìn ọgbẹ́ orí ti gba ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́. Ó rí wa bí igi tí ń rìn. Bí ọgbẹ́ náà bá fẹ́rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mẹ́ta. Bí ó bá le, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn jù, ṣùgbọ́n ara ṣì lè máa bọ̀ sípò fún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Fọ̀n ni ó sọ zẹ́mì lórúkọ, a sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí gbé mi yára. Ìwòsàn orí kì í ṣe zẹ́mì. Kò mọ eré sá.

Ọ̀rọ̀ ìwà tí ó yí padà ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ gbọ́ ìtàn kan tí àwọn dókítà fi ń kọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1848, ní Cavendish, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25 kan tí ń jẹ́ Phineas Gage ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta fún ojú ọ̀nà rélùwéè. Òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀tù bú gbàmù, ọ̀pá irin tí ó gùn ju mítà kan lọ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wọlé, ó sì gba àtàrí jáde. Kò kú. Dókítà John Harlow tọ́jú rẹ̀, ó rìn, ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní kì í ṣe Gage àtijọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò ní sùúrù, ìpinnu rẹ̀ kì í dúró. Wọn kò sì gbà á padà sí ipò olórí. Ta ni yóò sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni? Gbogbo ayé rí ọ̀pá irin náà.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ìtàn náà parí sí. Ní ọdún 1852 Gage lọ sí ilẹ̀ Chile, ó sì wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí ń kó èrò fún ọdún púpọ̀, iṣẹ́ tí ó gba ìfarabalẹ̀, tí ó sì ní ètò kan náà lójoojúmọ́. Gìrì mú un nígbẹ̀yìn, ó sì kú ní ọdún 1860. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀: ọgbẹ́ orí lè yí ìwà ènìyàn padà láìsí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀, ẹni tí ìwà rẹ̀ sì yí padà lè tún rí àyè láàárín ènìyàn, bí a bá fún un ní iṣẹ́ tí ó mọ níwọ̀n àti ètò tí kì í yẹ̀.

A kò sọ pé kò sí ẹ̀mí àìmọ́. Ìwé Mímọ́ sọ ọ́, a sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wòlíì tó la ẹnu ríran sí ẹnikẹ́ni, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ẹni yìí ti ṣubú rí? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ilé kan láàárín wa

Arákùnrin kan wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìjọ wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Káfíńtà ni. Ó já bọ́ láti orí òrùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì wà fún ọjọ́ mẹ́fà láìmọ ara rẹ̀. Nígbà tí ó la ojú, ijó àti ayọ̀ gba ilé Ọlọ́run. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹta, ẹsẹ̀ ènìyàn ti dá ní ilé rẹ̀. Ó ń gbàgbé orúkọ ọmọ. Ó ń sunkún lọ́sàn-án, ó ń fọ́ àwo lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń bá a jà. Àwọn kan ní kí a so ó mọ́ ilẹ̀ àánú, kí ó gbààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje. Ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ ni ó dìde nínú ìpàdé, ó béèrè pé: "Ta ni ó ń gba obìnrin yìí sílẹ̀ kí ó sùn?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ fún ilé méje. Ilé kan ní ọjọ́ kan. Ẹnì kan yóò jókòó tì í, ìyàwó yóò sùn tàbí kí ó lọ sọ́jà. Ẹnì kan ni ó ń mú un lọ gba oògùn, ó sì ń bá a ṣe ìdárayá ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ. Ìyàwó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kejì ti kọjá wàyí. Kò tíì gun òrùlé, kò sì ní gùn ún mọ́. Àpótí ìjókòó ni ó ń kàn. Wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára pákó kí ó má baà gbàgbé. Nígbà mìíràn inú ṣì ń bí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ní bàbá nílé.

Òfin ilé-èrò

Nítorí náà, ẹ̀yin olùṣọ́, ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ jẹ́ kí a pa àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́:

Kí ẹni tí orí rẹ̀ gbọgbẹ́ má ṣe gbààwẹ̀. Àwa ni kí a gbà á fún un. Oúnjẹ, omi àti oorun wà lára oògùn rẹ̀.

Kí a má ṣe gba oògùn dókítà lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá oògùn gìrì. Gìrì lè wá lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tàbí ọdún. Nítorí èyí, kí ó má ṣe dá wọ odò tàbí òkun fún ìwẹ̀, kí ó má gun igi, kí ó má sì wa zẹ́mì títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i.

Agogo, ìlù, iná púpọ̀ àti èéfín tùràrí lè mú orí rẹ̀ fọ́. Kí a gbà á láàyè láti jókòó níta, kí ó sì tètè lọ sílé. Kò sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù.

Kí ó má fẹnu kan ọtí. Kí ó má sì tún fi orí gbá nǹkan, nítorí ẹni tí ó bá tún gbá a kí ti àkọ́kọ́ tó san, ewu rẹ̀ pọ̀ gidigidi.

Kí a má ṣe so ó mọ́lẹ̀, kí a má nà án. Bí ó bá ní ayé sú òun, kí a má pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ lásán. Ìbànújẹ́ ọkàn wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọgbẹ́ orí. Kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí a sì tètè sọ fún dókítà.

Kí a sì ṣètò fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Olórí ilé-èrò náà ń rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù fún ẹ̀yin tí ara yín le. A máa ń rí i tí àwọn arábìnrin wọ aṣọ funfun, tí wọ́n gùn lẹ́yìn zẹ́mì lọ sí ìsìn, tí wọn kò dé kásìkì kí fìlà wọn má baà wó. Fìlà sùtánà kì í ṣe kásìkì o! Ìwádìí ńlá kan tí a kó jọ ní ọdún 2008 fi hàn pé kásìkì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100, ó sì ń dín ikú kù ní nǹkan bí 42 nínú 100. Ẹ ká fìlà sínú àpò, ẹ dé kásìkì, ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, ẹ tún fìlà dé nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ẹ dé e fún àwọn ọmọ pẹ̀lú.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ará Samáríà fi ẹni náà sí olórí ilé-èrò lọ́wọ́, ó sì ṣèlérí pé òun yóò padà wá. Olúwa wa náà ń bọ̀. Kí ó bá ẹni náà lọ́wọ́ wa, kí ó bá a ní jíjẹ, ní mímọ́, láìsí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa Ọlọ́run wa, ìwọ tí o mọ orí tí o sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, rántí gbogbo àwọn tí ó ṣubú láàárín wa. Fi ọwọ́ kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Fún àwọn dókítà ní ọgbọ́n, fún ìyàwó, ọkọ, ìyá àti ọmọ wọn ní oorun àti okun. Má ṣe jẹ́ kí ó sú wa. Pa wá mọ́ ní ojú ọ̀nà, ní àlọ àti àbọ̀. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.